Ta Ló Da Omi Sábẹ́ Ilé Mama Sylvi?

“Ẹ wò ó, mà, orúkọ rẹ̀ wà lára ẹ̀.”

Corey Blaine ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó na sípánà kan sí Frances Zupan bí ẹni tó di ejò mú lọ́rùn. Sípánà ńlá onéyín ni, irú èyí tí àwọn púlọ́ḿbà fi ń di páìpù mú. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ dé ìdajì, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì tí wọ́n fi irin gbẹ́ sí ọwọ́ rẹ̀ ṣì hàn kedere: E.K.

“Eino Kangas,” ni Frances wí.

“Ta ni ì bá tún jẹ́? Nígbà tí ilé-ìtajà wa rán mi wá wò ó, nínú omi ni mo ti fà á yọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táńkì níbẹ̀ yẹn.” Corey fi ìka júwe. “Ó wọlé, ó fi já táàpù ìdí táńkì, omi gbalẹ̀, ó sá lọ. Ọ̀rọ̀ ò pọ̀.”

Ẹni tó bá mọ Frances mọ̀ pé kò sí ohun tó ń bí i nínú tó gbólóhùn yẹn. Obìnrin kúkúrú ni, ọmọ awakùsà, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní ọ́fíìsì Ṣẹ́ríìfù, ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè náà. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ti rọrùn jù, ńṣe ló máa ń rí lójú rẹ̀ bí oúnjẹ tí ẹlòmíràn ti jẹ kù. Ó gba sípánà náà, ó fi ọ̀rá wé e, ó sì wo yàrá abẹ́ ilé náà yí ká.

Ó mà ṣe o! Omi ti fà, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe kò ṣeé wò. Fírísà tí Mama Sylvi Harju kó ẹran àgbọ̀nrín rẹ̀ sí ti dojú dé. Yàrá ooru tí Toivo, ọkọ rẹ̀ olóògbé, fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pákó rẹ̀, níbi tí tọkọtaya náà ti ń làágùn, tí wọ́n sì ń wẹ̀ ní gbogbo alẹ́ Sátidé láti ìgbà ìgbéyàwó wọn, ti wú, ó sì ti lọ́. Láàárín gbogbo ìbàjẹ́ yìí ni táńkì omi gbígbóná tuntun dúró sí, funfun báláú, tí orúkọ ilé-ìtajà Norvale sì wà gàdàgbà láyà rẹ̀.

Norvale ló ta táńkì náà, Norvale ló gbé e wá, Corey ló sì bá wọn so ó. Mama Sylvi ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Kí ilé-ìtajà ńlá yìí tó tẹ̀dó sẹ́bàá títì márosẹ̀, ta ló ń ṣe iṣẹ́ omi ní Pike Falls, ìlú kékeré àwọn awakùsà yìí? Eino ni. Kó tó kan Eino, bàbá Eino ni. Bóyá ni páìpù kan wà nínú ìlú náà tí ọwọ́ ọmọ Kangas kò kàn rí. Àfi bí àwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí Norvale, nítorí wọ́n ní Norvale kì í béèrè owó lójú ẹsẹ̀.

Ẹnu ni Eino sì fi kó ara rẹ̀ sí wàhálà. Ní ilé kọfí, lójú gbogbo ayé, ló ti sọ pé táńkì tí Norvale gbé sílé Mama Sylvi yóò bẹ́ kí òtútù ọdún yìí tó parí. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

*

“Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ni Ṣẹ́ríìfù Odegaard wí. Ó ti gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì. “Frances, kí lo tún ń wá kiri?”

“Ìdí rẹ̀ ni mò ń wá, ọ̀gá.”

“Ìdí wo ló kù? Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, inú bí i. Aládùúgbò Mama rí i lọ́sàn-án Sátidé tó gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọ abẹ́ ilé, nígbà tí Mama wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tún rí i tó jáde pẹ̀lú ṣòkòtò tó rin gbingbin. Sípánà rẹ̀ wà nínú omi. Lọ́yà Norvale ti pè mí títí etí ń dùn mí. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, kóòtù ni màá gbé e lọ.”

“Ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ pa dé nìyẹn.”

Odegaard gbé ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin náà kì í ṣe ìkà. “Mo mọ̀. Ìyàwó mi ò tíì dá mi lóhùn láti àárọ̀ nítorí ẹ̀. Lọ bi í níbi tá a tì í mọ́, Frances. Bí ó bá lè sọ ohun tó wọlé lọ ṣe, etí mi ṣí sílẹ̀.”

*

Eino Kangas ga débi pé àga tí wọ́n fún un dà bí ti ọmọdé lábẹ́ rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Ó gbé àwọn ọwọ́ ńlá rẹ̀ lé orúnkún, ó sì ń wò wọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó.”

“Ìjókòó wo? Páìpù dì ní ilé ìwé, wọ́n ń retí mi níbẹ̀. Sọ fún Odegaard kó lọ bá wọn yọ́ ọ.”

Frances rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó gbé sípánà náà síwájú rẹ̀. “Tiyín rèé?”

Eino wò ó. “Tèmi ni.”

“Ẹ wọ abẹ́ ilé Mama Sylvi ní Sátidé?”

“Mo wọ̀ ọ́.”

“Ẹ wọ ibẹ̀ lọ ṣe kí ni?”

Eino padà sí wíwo ọwọ́ rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ fọ́ táńkì yẹn?”

“Rárá.” Èyí jáde wàrà.

“Ta wá ló fọ́ ọ?”

Níbẹ̀ ni ojú Eino ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ń wo ògiri. “Táńkì máa ń bàjẹ́.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ẹni náà.”

“Mo ní táńkì máa ń bàjẹ́! Ìwọ náà ọmọ yìí, agídí bàbá rẹ ni gbogbo rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo kọ̀ láti sọ̀rọ̀, kó o fi mí sílẹ̀.”

Frances ti bá òpùrọ́ jókòó rí, kò lóǹkà. Òpùrọ́ máa ń sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ó máa ń sọ pé sípánà òun sọnù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, pé òun ò mọ ibi tí ilé náà wà. Èyí tó jókòó síwájú rẹ̀ yìí gba gbogbo ohun tó lè pa á, ó wá kọ̀ láti sọ ẹyọ kan tó lè gbà á là. Ẹlòmíràn ló ń bò láṣìírí. Àbí ta ni èèyàn á tún torí ẹ̀ fi iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tafà?

Ọkàn rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. “Corey Blaine, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ ọ níṣẹ́?”

“Èmi ni.” Ohùn Eino rọ̀. “Ọwọ́ rẹ̀ dáa. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kò tó èèyàn méjì jẹ mọ́, ó sì ní ọmọ ọwọ́ nílé. Ó lọ síbi tó ti máa rí oúnjẹ. Mi ò bínú sí i, kó o má lọ máa rò ó o.”

Ṣùgbọ́n Frances ti ń rò ó. Ọ̀gá ń bo ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, tó so nǹkan tí kò dáa, tó wá ń ti ẹ̀bi sí ọ̀gá lọ́rùn! Ó kúrò níbẹ̀ tìbínú-tìbínú.

*

Fọ́tò ló kọ́kọ́ já irọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ọlọ́pàá tó dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ti ya gbogbo ibi tí ojú rẹ̀ tó. Frances tẹ́ wọn sórí tábìlì ìdáná rẹ̀, ó jókòó tì wọ́n pẹ̀lú ife kọfí. Omi ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn jáde sórí yìnyín ojú ọ̀nà, òtútù sì ti sọ ọ́ di gíláàsì. Ojú ẹsẹ̀ bàtà Eino wà níbẹ̀ kedere, ìka rẹ̀ kọjú sí ilẹ̀kùn, tó fi hàn pé ó ń wọlé. Gbogbo wọn ló ti rí i. Wọ́n ní ẹ̀rí nìyẹn.

Ó gbé fọ́tò náà súnmọ́ ojú. Ó tún gbé e jìnnà. Ó wá fi ọwọ́ gbá tábìlì.

Ká ní ẹsẹ̀ Eino ti wà lórí yìnyín kí omi tó jáde ni, omi ì bá ya wọ ojú ẹsẹ̀ náà, ì bá kún un, ì bá dì, ì bá sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹsẹ̀ inú fọ́tò yìí kò kún. Ó jìn, etí rẹ̀ sì ru sókè, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ ẹrẹ̀ lẹ́yìn òjò. Orí omi tó ti ń jáde, tí kò tíì dì tán, ni Eino ti rìn wọlé. Omi ti ṣe tirẹ̀ kí ọkùnrin náà tó dé!

Ó pe Odegaard lórí fóònù, ó là á yé e.

“Ó dáa. Òun kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kí ló wá dé tí kò pariwo? Ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀? Lọ́yà Norvale ò ní gba ẹsẹ̀ bàtà lọ́wọ́ mi, Frances. Orúkọ ló ń fẹ́.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Frances wọ bàtà òtútù rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pe Corey wá sí abẹ́ ilé Mama Sylvi.

*

“Sípánà yìí,” ni Frances wí, “níbo lo rò pé ó ti wá?”

“Nínú àpótí irinṣẹ́ ọ̀gá... ti Eino.”

“Wo ògiri yẹn.”

Toivo Harju jẹ́ irú ọkùnrin tí ń fi ọ̀dà pupa ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára pátákó ògiri, kí ẹni tó bá mú un lè mọ ibi tí yóò dá a padà sí. Òòlù wà lórí àwòrán òòlù. Ayùn wà lórí àwòrán ayùn. Ìṣó kan ṣoṣo ni kò ní nǹkan lórí. Frances gbé sípánà náà kọ́ síbẹ̀, ó sì bo àwòrán rẹ̀ mọ́lẹ̀ déédéé, láti orí dé ìdí. Ọ̀dà náà ti gbó, ó ti ń ṣí.

“Eino ti fún Toivo ní sípánà yìí tipẹ́. Ilé yìí ló máa ń wà. Ẹni tó lò ó ní Sátidé, ara ògiri yìí ló ti mú un. Ẹni tó mọ inú ilé yìí dáadáa ni. Bí àpẹẹrẹ, ẹni tó wá so táńkì síbẹ̀.”

Corey bú sí ẹ̀rín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ibì kankan. “Èmi kẹ̀? Mà, mi ò sí nílùú! Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ ni mo ń so fún ìyá kan ní ọ̀nà Duluth. Ìyá náà dúró tì mí gbagidi, ó ń ròyìn ajá rẹ̀ fún mi. Ẹ pè é!”

Frances ti pe ìyá náà láàárọ̀. Òun náà ti gbọ́ ìròyìn ajá, títí kan iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un. Corey kò purọ́. Ó fi èyí sínú, ó sì tọ́ka sí páìpù àtijọ́ kan nílẹ̀.

“Fi sípánà di èyí mú kó o tú u.”

Corey ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ó dáa. Dì í padà báyìí.”

Corey yọ sípánà, ó dojú rẹ̀ dé, ó tún fi dì í mú.

“Kí ló dé tó o yí i padà?”

“Ọ̀nà kan ṣoṣo ni eyín rẹ̀ ń bù mọ́, mà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí nǹkan sí ọ̀nà kejì, ẹ ní láti...” Ó tẹjú mọ́ sípánà náà.

Frances tan tọ́ọ̀ṣì sí ìdí táńkì, síbi tí táàpù náà wà. Ike lásán ni táàpù ọ̀hún, ó sì ti là láti òkè délẹ̀. Ojú eyín sípánà wà lára rẹ̀, ó jìn. “Sọ fún mi. Ṣé ẹni tó ń ṣí i ló ge eléyìí jẹ, àbí ẹni tó ń tì í?”

Corey kúnlẹ̀. Ó wò ó, ó fi èékánná tọ ojú eyín náà. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. “Ẹni tó ń tì í ni.”

“Èmi náà rí i bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mú sípánà yìí kò fẹ́ da omi. Ó fẹ́ dá omi dúró ni. Ó sì dì í le jù.” Frances nàró. “Ohun kan ṣoṣo ló wá kù tí kò yé mi. Wá wo báákẹ́ẹ̀tì yìí.”

Ní ẹnu yàrá ooru, gbogbo nǹkan Mama Sylvi ló wà létòlétò: ìgbákọ onígi, tówẹ̀ẹ̀lì tí wọ́n ká, ọṣẹ nínú àwo. Báákẹ́ẹ̀tì funfun kan kọ́ sórí ìṣó. Inú rẹ̀ ni ẹrẹ̀ pupa ti gbẹ mọ́.

“Obìnrin tó ń nu ìdí ìkòkò rẹ̀ títí á fi máa dán,” ni Frances wí, “ṣé ó lè fi báákẹ́ẹ̀tì tó dọ̀tí báyìí kọ́? Mi ò rò bẹ́ẹ̀.”

Corey jókòó sórí àtẹ̀gùn gbì. “Yéè. Mama ti fa omi táńkì yẹn.”

“Sọ ọ́ kó yé mi.”

“Ẹ ò dàgbà nínú irú ilé yìí ni. Omi ìlú yìí, àárín irin inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀, ó máa ń kó ẹrẹ̀ pupa jọ sídìí táńkì. Bàbá ọ̀gá mi ló kọ́ gbogbo àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí: ní Sátidé tó bá kọ́kọ́ wọlé nínú oṣù, kí wọ́n tó dáná sí yàrá ooru, kí wọ́n fa báákẹ́ẹ̀tì kan jáde láti ìdí táńkì, kí ẹrẹ̀ má baà di í. Gbogbo wọn ló ń ṣe é. Wọn ò lè dáná láìṣe é. Nígbà tí mo wà lábẹ́ ọ̀gá, èmi ni mo máa ń gbé báákẹ́ẹ̀tì yìí jáde fún Mama, á sì fún mi ní búrẹ́dì aládùn.” Ó nu imú. “Táàpù àtijọ́, idẹ ni. O lè bá a jà. Èyí, ike ni. Bí iyanrìn bá há sí i lẹ́nu, kò ní tì mọ́, á máa kán. Bó o bá sì fi sípánà dì í le, á dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á là.”

“O mọ̀ pé Mama á fa omi rẹ̀.”

“Mo mọ̀.”

“O sì so ike fún un.”

“Bó ṣe ti inú páálí jáde ni wọ́n ní ká máa so ó! Tí mo bá fi idẹ sí i, àpò mi ló máa ti wá, wọ́n á tún ní mo fọwọ́ kan ohun tí kò kàn mí. Mo ṣáà fẹ́ sọ fún Mama pé kó má fa èyí o. Mo gbàgbé.” Ó mi orí. “Irọ́ ni. Mi ò gbàgbé. Ó gbé kọfí fún mi, ó bi mí pé ṣé ọ̀gá mi mọ̀ pé èmi ni mo wá so ó. Ojú tì mí, mà. Mo kàn fẹ́ tètè jáde níbẹ̀ ni.”

“O wá rí sípánà ọ̀gá rẹ nínú omi.”

“Mo rò pé òun ni lóòótọ́! Mo búra. Mo rò pé inú ló bí i sí èmi.”

Àánú ọkùnrin náà ṣe Frances, kò sì retí pé ó máa ṣe òun. Ó ní kó jókòó síbẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn lọ sókè.

*

Mama Sylvi wà ní ilé ìdáná, ó ń bu kọfí sínú ife. Kọfí ń ta sórí àwo.

“Mama, ẹ jókòó. Mi ò wá mú yín o.”

“Mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Mo mọ̀. Omi lẹ fà, bí ẹ ṣe máa ń fà á.”

Ìyá àgbà náà gbé ìkòkò kọfí kalẹ̀. Ó fà á díẹ̀ sápá òsì, bí ẹni pé ibi tó wà ṣe pàtàkì. Ó wá jókòó.

“Ó ń kán. Tó, tó, tó. Mo fi sípánà Toivo dì í le, ó dúró. Mo ní ayọ̀ ni, mo kúrò níbẹ̀, torí búrẹ́dì ń bẹ nínú ààrò tí mo fẹ́ gbé lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí mo máa padà dé, ọlọ́pàá ló kún ilé.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún wọn?”

“Òṣìṣẹ́ Norvale tí mo tọwọ́ bọ̀wé níwájú rẹ̀ sọ fún mi pé bí mo bá fọwọ́ kan táńkì, gàráǹtì ti lọ nìyẹn, owó rẹ̀ ò sì ní yéé jáde lápò mi. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́, Frances. Ìyẹn kọ́.” Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọmọ mi ọkùnrin, tó wà ní Arizona lọ́nà jíjìn. Ó ti wá ibì kan sílẹ̀ fún mi, ilé àwọn arúgbó. Ó ní bí mo bá tún ṣe àṣìṣe kan, òun ń bọ̀ wá kó mi. Toivo ló kọ́ ilé yìí. Inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kú sí.”

Frances mú ọwọ́ rẹ̀ dání. “Eino wá ńkọ́, Mama?”

“Mo rò pé wọ́n á ní kó máa lọ ilé. Ta ló lè rò pé Eino máa ṣe irú ẹ̀?”

“Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ kóòtù. Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Kí ló dé tí òun ò sọ pé òun kọ́?”

“Ó sọ pé òun kọ́. Ẹni tó ṣe é ni kò fẹ́ sọ. Ó ń kọjá lọ, ó rí omi tó ń yọ èéfín lábẹ́ ilẹ̀kùn yín, ó ya wọlé, ó ti omi ilé pa. Ó rí báákẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ló bá gbé e kọ́ síbi tó máa ń wà, kí ẹnikẹ́ni má baà bi yín léèrè. Sípánà ti rì, kò rí i. Kò sì fọ báákẹ́ẹ̀tì náà. Ọkùnrin ni, kò mọ̀ pé báákẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ fífọ̀. Ṣé ó mọ ọ̀rọ̀ ọmọ yín?”

“Ó mọ̀ ọ́n.” Mama fi etí aṣọ nu ojú. “Èmi náà ni mo sọ ọ́ fún un.”

Ó dìde. Ó wọ yàrá lọ. Nígbà tó jáde, ó ti wọ aṣọ òtútù tó ń wọ̀ lọ sí ìsìn, ó ti di bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

“Gbé mi lọ sọ́dọ̀ Odegaard. Bí wọ́n bá fẹ́ kó mi lọ Arizona, kí wọ́n wá kó mi.”

*

Ní ọ́fíìsì Ṣẹ́ríìfù, Mama Sylvi kọ̀, kò jókòó. Ìdúró ló ti sọ ọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Odegaard sì yọ fìlà rẹ̀ fún un. Bó ṣe parí, Corey jáde síwájú.

“Èmi náà ní tèmi. Mo mọ̀ pé ó máa fa omi, mi ò sì kìlọ̀ fún un. Màá sọ ọ́ fún Norvale bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má baà di í rù ú.”

“Wọ́n á lé ọ lẹ́nu iṣẹ́,” ni Odegaard wí.

“Wọ́n á lé mi.”

Wọ́n lọ mú Eino jáde. Bó ṣe rí Mama Sylvi, ó ti mọ̀. Frances ló kọjú ìjà sí. “Ta ló bẹ̀ ọ́? Ta ló ní kó o lọ yọ ìyá àgbà lẹ́nu? Mo ní kó o fi mí sílẹ̀!”

“Pa ẹnu mọ́, Eino,” ni Mama Sylvi wí. “Èmi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀.”

Eino wá àga jókòó.

“Nígbà tí táńkì àtijọ́ kú, ìwọ ló yẹ kí n pè. Mo mọ̀. Àmọ́ Toivo ti lọ, kò sí owó nílẹ̀. Ojú tì mí láti wá bá ọ. Àwọn yẹn ní kí n máa san díẹ̀díẹ̀. Ìwọ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Ta ló sọ fún yín pé mi ò lè ṣe bẹ́ẹ̀?”

“Mi ò bi ọ́.”

“Ta ló sọ fún yín?” Ohùn ọkùnrin gíga náà ti ń ya. “Mama, bàbá mi so táńkì àkọ́kọ́ sí ilé yẹn nígbà tí àwọn awakùsà daṣẹ́ sílẹ̀. Toivo ń san án ní àpò ànàmọ́ kan, igbá ẹja kan, títí ó fi tán. Ta ló gbọ́ ọ rí? Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn! Gbogbo ilé tó wà ní òpópónà yín, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá wọn ṣe é. A kì í sọ ọ́, ká má baà dójú ti èèyàn.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ méjèèjì. “Àwọn yẹn kọ ọ́ gàdàgbà sójú títì: ẹ wá gbé e, ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Èmi ò kọ ọ́ síbì kankan. Mo rò pé ẹ mọ̀.”

“A ò mọ̀, Eino,” ni Mama Sylvi wí. “Àwọn tó mọ̀ ti kú tán. A ò mọ̀ rárá.”

Odegaard ń wo fìlà rẹ̀. Corey ń sunkún láìbo ojú. Frances Zupan, tí òun náà ti gbé táńkì Norvale sí abẹ́ ilé tirẹ̀ láti ìgbà ìkórè, tó sì ń san án lóṣooṣù, kò lè wo ojú Eino.